Ẹni Tí Yóò Kọ́ Ọmọ Wa Ní Iṣẹ́ Àgbẹ̀, Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́ Òun Náà

  

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàdo tàbí ti iṣu. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni. Olùkọ́ wo? Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: ta ni ó kọ́ olùkọ́ yìí, kí sì ni wọ́n fi kọ́ ọ?

Bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ aṣọ rán ni a óò mú un lọ. Kò sí bàbá tí yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ka ìwé nípa abẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rán aṣọ rí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ rí, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di iṣẹ́ àgbẹ̀, a máa ń gbàgbé òfin yìí. A máa ń rò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ìwé ẹ̀rí lè dúró níwájú pátákó kí ó sì sọ ọmọ di àgbẹ̀. Ẹnu lásán kì í ro oko.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI KÀN WÁ

Ní ayé àwọn bàbá ńlá wa, ilẹ̀ pọ̀, ènìyàn kò sì pọ̀ tó báyìí. Bí àgbẹ̀ bá lo ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ó rí i pé àgbàdo kò ta mọ́, yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó sinmi. Igbó yóò hù, ewé yóò já bọ́, yóò jẹrà, ilẹ̀ yóò sì tún lọ́ràá. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àgbẹ̀ náà lè padà síbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìmọ̀kan ni èyí. Ìmọ̀ ni.

Lónìí, ilẹ̀ tí bàbá kan ṣoṣo ń ro ni ọmọ márùn-ún ń pín. Ilẹ̀ kò rí ààyè sinmi mọ́. Ilẹ̀ pupa tí ó wà ní òkè Kétu, ní Pobẹ̀ àti ní Sakété, ilẹ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbin àgbàdo sórí rẹ̀ lọ́dọọdún, tí a kò dá ohunkóhun padà fún un, yóò rẹ̀ ẹ́. Àmì àárẹ̀ rẹ̀ ni pé ewé àgbàdo yóò máa pọ́n kí ó tó gbó, ọmọ àgbàdo yóò kéré, koríko èkan yóò sì gba oko. Nígbà tí èkan bá gba oko, ọ̀dọ́ yóò ju ọkọ́ sílẹ̀. Yóò gba Kùtọnù tàbí Èkó lọ láti lọ fi alùpùpù kó èrò.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó yẹ kí ó fi ọ̀nà mìíràn han ọ̀dọ́ náà: iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ń mú owó wọlé, tí kì í sì í ba ilẹ̀ àwọn ọmọ wa jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò kọ́ irú iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí a fi kọ́ wọn ni pé: gbìn ín ní ìlà, da ajílẹ̀ òyìnbó sí i, fín oògùn sí i. Kì í ṣe pé gbogbo èyí burú. Ṣùgbọ́n kò tó mọ́. Ohun tí ènìyàn kò ní, kò lè fi fún ni.

OHUN TÍ ỌDÚN 1975 KỌ́ WA

Kì í ṣe òní ni a ti ń ronú bí a ó ṣe so ìwé pọ̀ mọ́ oko ní ilẹ̀ Benin. Ní ọdún 1975, nígbà ìjọba Mathieu Kérékou, wọ́n ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan tí a mọ̀ sí École Nouvelle lédè Faransé, èyí ni Ilé Ẹ̀kọ́ Tuntun. Wọ́n ní kí ilé ìwé má ṣe ya ọmọ kúrò nínú iṣẹ́ àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ní kí ilé ìwé ní oko, kí ó sin ẹran, kí ọmọ máa fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, kí ó sì máa kàwé. Èrò rere ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí wọ́n pàṣẹ oko yìí fún, ìṣirò àti èdè Faransé ni wọ́n ti fi kọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó jókòó tì wọ́n láti fi hàn wọ́n bí a ṣe ń fi oko kọ́ ọmọ. Ní ibi púpọ̀, oko ilé ìwé kàn di oko tí ọmọ ń ro ni. Ọmọ ro ó, ó gbìn ín, ó kórè rẹ̀, kò sì mọ ohun tí ó kọ́ níbẹ̀. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí kùn pé oko wà nílé, ìwé ni àwọn rán ọmọ lọ kà. Ní ọdún 1990, ìpàdé ńlá kan wáyé lórí ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè wa, a sì fi ètò náà sílẹ̀.

A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni kí a mú. Àṣẹ nìkan kì í sọ olùkọ́ di àgbẹ̀. Ọkọ́ tí a fún ọmọ nìkan kì í sọ oko di ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó mọ ìdí ohun tí ó ń ṣe ni ó ń sọ oko di ilé ẹ̀kọ́.

NÍGBÀ TÍ A KÒ KỌ́NI NÍ ÌDÍ

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ́ àgbẹ̀ ní "ṣe báyìí" láìkọ́ ọ ní "nítorí báyìí".

Ní ọdún 1999, ní apá òkè ilẹ̀ Benin níbi tí wọ́n ti ń gbin òwú púpọ̀, ìdin tí ń jẹ òwú kò kú mọ́ pẹ̀lú oògùn tí wọ́n ń fín tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ ti mọ́ oògùn náà. Wọ́n wá gbé oògùn mìíràn tí ó le gan-an dé, orúkọ rẹ̀ ni endosulfan. Àwọn àgbẹ̀ fín in gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń fín ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn mìíràn fín in sí oúnjẹ. Àwọn mìíràn fọ ike rẹ̀, wọ́n sì fi pọn omi. Àwọn mìíràn gbé aṣọ tí oògùn kán sí wọlé níbi tí ọmọ ń sùn. Ìròyìn tí ìjọba fi síta sọ pé, ní àgbègbè Borgou nìkan, ó kéré tán ènìyàn 37 ni ó kú ní àkókò òwú 1999 sí 2000.

Àwọn tí ó kú wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti fi oògùn fínfín kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò dé ibi tí ó yẹ. Ta ni ì bá ti ṣàlàyé fún wọn? Olùkọ́ ni. Nítorí náà, bí a bá ń sọ pé kí a tún olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni a ń sọ.

ILÉ Ẹ̀KỌ́ INÚ OKO ÌRẸSÌ

Ní ilẹ̀ òkèèrè kan, irú ìṣòro oògùn yìí ni ó mú kí wọ́n wá ọ̀nà tuntun láti kọ́ olùkọ́. Ilẹ̀ náà ni Indonéṣíà, ní apá ìlà-oòrùn ayé, níbi tí ìrẹsì jẹ́ oúnjẹ gbogbo ènìyàn.

Kòkòrò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ń fa omi ara ìrẹsì mu títí ìrẹsì yóò fi gbẹ. Bí wọ́n ti ń fín oògùn sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i. Kí ló fà á? Oògùn náà ń pa aláǹtakùn. Aláǹtakùn sì ni ó ń jẹ kòkòrò náà. Wọ́n ń pa ọlọ́dẹ, wọ́n sì ń bínú pé olè pọ̀. Ní ọdún 1986, ìjọba ibẹ̀ fòfin de irú oògùn 57 lórí oko ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òfin nìkan kò tó. Ní ọdún 1989, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò ní ògiri, inú oko ni. Àgbẹ̀ bí i mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n bá gbin ìrẹsì títí dé ìgbà ìkórè. Wọ́n á wọ oko, wọ́n á ka kòkòrò, wọ́n á wo ewé àti omi. Wọ́n á ya ohun tí wọ́n rí sórí ìwé ńlá. Wọ́n á jíròrò, wọ́n á sì fẹnu kò lórí ohun tí wọn yóò ṣe lọ́sẹ̀ náà. Bí iyàn bá wà lórí kòkòrò kan, wọ́n á fi òun àti aláǹtakùn sínú ìgò kan náà, wọ́n á wo ẹni tí yóò jẹ ẹnì kejì. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó kàn wá jù. Kí ẹnikẹ́ni tó di olùkọ́ ní irú ilé ẹ̀kọ́ yìí, òun fúnra rẹ̀ ní láti gbin ìrẹsì fún odidi àkókò kan. Òun ni yóò wọ ẹrọ̀fọ̀, tí yóò lọ́ ìrẹsì, tí yóò ka kòkòrò, tí yóò kórè. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti ń sọ fún àgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé "ẹ ṣe báyìí" ni wọ́n bọ́ bàtà, tí wọ́n tún di ọmọ ẹ̀kọ́. Ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀. Ó dé Gáná ní àárín ọdún 1990 sí 2000, ó sì dé ọ̀dọ̀ tiwa náà lórí oko ẹ̀wà.

Àwa pàápàá ní irú aláǹtakùn bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò funfun kan bí òwú wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì ń ba ẹ̀gẹ́ (gbágùúdá) jẹ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní ọdún 1981, àwọn onímọ̀ rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay, tí ó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Ọmọ agbọ́n náà á jẹ kòkòrò láti inú wá. Wọ́n tọ́ agbọ́n yìí dàgbà ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú u sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá ibùdó iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Abomey-Calavi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùtọnù. Hans Herren, tí ó darí iṣẹ́ náà, gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí lónìí, agbọ́n tí ọ̀pọ̀ wa kò rí rí ni ó ń ṣọ́ ọ. Olùkọ́ tí kò mọ̀ pé irú agbọ́n bẹ́ẹ̀ wà, báwo ni yóò ṣe kọ́ ọmọ pé kí ó má pa á?

OLÙKỌ́ MÉJÌ, Ẹ̀KỌ́ KAN NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a wo olùkọ́ méjì tí ó fẹ́ kọ́ ọmọ nípa bí òjò ṣe ń gbá ilẹ̀ lọ.

Olùkọ́ àkọ́kọ́ wọ kíláàsì. Ó kọ ọ̀rọ̀ Faransé gígùn kan sórí pátákó. Ó ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ó ka ìdí mẹ́rin, wọ́n kọ ìdí mẹ́rin. Nígbà ìdánwò, wọ́n dá ìdí mẹ́rin padà fún un. Wọ́n yege. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá délé, wọ́n á gbá gbogbo ewé oko jọ, wọ́n á sì finá sí i.

Olùkọ́ kejì kó àwọn ọmọ lọ sí oko. Ó ti la ike méjì ní ẹ̀gbẹ́, ó sì bu erùpẹ̀ láti inú oko kan náà sínú méjèèjì. Ó fi ewé gbígbẹ bo erùpẹ̀ inú ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó gbé ike méjèèjì dàgẹ̀rẹ̀, ó sì gbé igbá sábẹ́ ẹnu wọn. Ó fún ọmọ kan ní omi kí ó rọ ọ́ sórí méjèèjì díẹ̀díẹ̀ bí òjò. Omi tí ó jáde láti ara ilẹ̀ oníhòòhò pọ́n, ó kún fún erùpẹ̀, ó sì tètè jáde. Omi tí ó gba abẹ́ ewé kọjá mọ́, ó sì pẹ́ kí ó tó jáde. Olùkọ́ náà kò tíì sọ ohunkóhun. Ó béèrè pé: "Kí ni ẹ rí? Èwo nínú omi méjì yìí ni oúnjẹ ilẹ̀ bá lọ?" Àwọn ọmọ fúnra wọn ni ó dáhùn.

Lẹ́yìn èyí, ó ní kí wọ́n wa ihò kékeré méjì, ọ̀kan lábẹ́ igi tí ewé bò, ọ̀kan láàárín oko tí iná ti jó. Wọ́n ka ekòló inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ekòló kì í júbà ilẹ̀ kí ilẹ̀ má lanu. Ibi tí ekòló bá wà, ilẹ̀ ń mí, omi ń rí ọ̀nà wọlé.

Ike méjì, igbá méjì, ewé gbígbẹ, omi díẹ̀: kò sí owó ńlá nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kejì kò ti ojú ọ̀run mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ni ó kọ́ ọ, ó sì dán an wò fúnra rẹ̀ kí ó tó gbé e wá síwájú ọmọ.

OHUN TÍ A LÈ RÍ NÍ ÀJÀṢẸ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí oko tí ó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́, kò nílò kí ó lọ sí Indonéṣíà. Ní ọdún 1985, àlùfáà kan tí a bí ní Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tí ó ń jẹ́ Songhaï. Ilẹ̀ ẹ́kítà kan ṣoṣo ni ìjọba kọ́kọ́ fún un, ilẹ̀ tí kò wu ẹnikẹ́ni.

Òfin ibẹ̀ ni pé a kì í sọ nǹkan nù. Ẹran ń jẹ ohun tí ó ṣẹ́ kù láti oko. Ìgbẹ́ ẹran ń wọ inú kòtò tí a bò pa, ó ń di afẹ́fẹ́ tí a fi ń dáná. Ohun tí ó bá kù nínú kòtò náà ń padà sí oko gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Wọ́n ń fi ohun jíjẹrà tọ́ ìdin, wọ́n sì ń fi ìdin náà bọ́ ẹja. Omi inú adágún ẹja ń lọ bomi rin ẹ̀fọ́. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀gbin ní ibì kan, oúnjẹ ni ní ibòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, wọ́n sì ń kọ́ bí a ṣe ń sọ irè oko di ọjà.

Kì í ṣe pé kí gbogbo ilé ìwé dà bí Songhaï. Ibi púpọ̀ kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó bá lo oṣù díẹ̀ ní irú oko bẹ́ẹ̀, tí ó kó ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, tí ó bọ́ ẹja, tí ó sì ṣírò èrè, kì yóò padà sí kíláàsì rẹ̀ bí ó ti kúrò níbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ MÙKÚNÀ: KÍ OLÙKỌ́ SỌ ÒTÍTỌ́ LÓDINDI

Ewéko kan wà tí ó ń jẹ́ mùkúnà. Ìbátan wèrèpè ni. Ẹ má sá, èyí tí a ń gbìn kì í yún ni lára. Ó ń fà lórí ilẹ̀, ó ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Gbòǹgbò rẹ̀ ń sọ afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀wà. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú 1990, àwọn onímọ̀ gbé e lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní àgbègbè Mono láti fi tún ilẹ̀ ṣe. Àwọn àgbẹ̀ rí nǹkan mìíràn tí ó wù wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: mùkúnà ń pa èkan. Òjìji rẹ̀ kì í jẹ́ kí èkan rí oòrùn.

A lè gbìn ín sáàárín àgbàdo nígbà tí àgbàdo bá ti tó nǹkan bí ogójì ọjọ́ sí ọjọ́ márùndínláàádọ́ta. Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, yóò gba ilẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò kú, yóò sì bo ilẹ̀ bí ẹní. Nígbà tí òjò bá tún dé, a ó gbin àgbàdo sáàárín ewé náà láìfi iná sí i.

Olùkọ́ tí kò jinlẹ̀ yóò dúró síbẹ̀. Yóò ní mùkúnà dára, ẹ lọ gbìn ín. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí a kọ́ dáadáa yóò sọ apá kejì. Ìkínní, bí mùkúnà bá wà lórí ilẹ̀ ní àkókò òjò kejì, a kò lè fi ilẹ̀ náà gbin ohun mìíràn nígbà náà. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré ní láti ronú. Ìkejì, a kò gbọdọ̀ se kóró rẹ̀ jẹ bí ẹni ń se ẹ̀wà, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ìkẹta, kóró rẹ̀ kò rọrùn láti tà ní ọjà.

Nígbà náà ni yóò ní kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò. Ọjọ́ mélòó ni a ń lò láti ro èkan? Ọjọ́ mélòó ni mùkúnà yóò dín kù nínú rẹ̀? Èló ni àgbàdo òjò kejì tí a kò gbìn? Èló ni àgbàdo ọdún tí ń bọ̀ tí yóò lé? Ọmọ tí ó bá lè ṣe ìṣirò yìí lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ti di àgbẹ̀ tòótọ́. Kò ní tẹ̀lé ohun tuntun nítorí pé ó jẹ́ tuntun, kò sì ní kọ̀ ọ́ nítorí pé ó jẹ́ tuntun.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ Ó YẸ KÍ A FI KỌ́ OLÙKỌ́

Bí a bá kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, ohun márùn-ún ni olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ nílò.

1. Ọwọ́. Kí ó gbin nǹkan fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìkórè, fún odidi àkókò kan ó kéré tán. Kí ó padà sí oko lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nítorí pé oko ń yí padà.

2. Ojú. Kí ó mọ bí a ṣe ń wo oko: kí ó mọ kòkòrò tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti èyí tí ó jẹ́ ọ̀tá, kí ó mọ ilẹ̀ tí ebi ń pa àti ilẹ̀ tí ó yó.

3. Ìṣirò. Oko tí ó dára fún ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí ebi ń pa olóko, kò lè pẹ́. Kí olùkọ́ mọ bí a ṣe ń kọ owó tí ó jáde àti owó tí ó wọlé sílẹ̀, kí ó sì mọ bí ọjà ṣe ń lọ.

4. Ọ̀nà ìkọ́ni. Ó yàtọ̀ kí ènìyàn mọ nǹkan, ó sì yàtọ̀ kí ó mọ bí a ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn. Àgbẹ̀ rere mìíràn wà tí kò lè ṣàlàyé. Kí a kọ́ olùkọ́ bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè, bí a ṣe ń dákẹ́ kí ọmọ lè ronú, àti bí a ṣe ń dán ọmọ wò nínú oko yàtọ̀ sí orí ìwé.

5. Èdè. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ní èdè wa ni ilẹ̀, koríko àti kòkòrò ti ní orúkọ. Olùkọ́ tí ó mọ orúkọ koríko lédè Faransé, tí kò sì mọ̀ pé èkan ni a ń pè é ní Kétu, kò lè bá bàbá arúgbó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá arúgbó náà ní ohun tí yóò kọ́ ọ.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Kétu lónìí, lórí ilẹ̀ tiwa gan-an. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé gíga kò tó. Ẹni tí yóò jáde níbẹ̀ láti lọ kọ́ni, ó yẹ kí oko àwọn àgbẹ̀ Kétu mọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

IPA TIWA

Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan ni èyí. Ìjọba ni yóò san owó olùkọ́, òun ni yóò sì ṣètò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan wà tí àwa náà lè ṣe.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ béèrè pé kí wọ́n fi oko ilé ìwé hàn yín. Bí kò bá sí oko, ẹ béèrè ìdí. Bí oko bá wà, ẹ béèrè ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe iye ebè tí ó kọ. Oko ilé ìwé kì í ṣe oko olùkọ́. Ọmọ kì í ṣe alágbàṣe.

Ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ fún ilé ìwé ní ilẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn. Ẹ má fún wọn ní ilẹ̀ àpáta. Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ ní ìlú lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni ẹ ń yan gàrí, ẹ̀yin ni ẹ ń fún epo, ẹ̀yin ni ẹ mọ iye tí nǹkan ń lọ lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yìí. Bí obìnrin bá di olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, yóò kọ́ni ní ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò mọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá, a kò bú yín. A mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi kọ́ yín ni ẹ fi ń kọ́ni. Ẹ má tijú láti sọ fún àgbẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ fi hàn mí." Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ OLÙGBỌ́ ÀTI KÍLÁÀSÌ ÀWỌN ÀGBÀ

1. Ní abúlé yín, ọdún mélòó ni ilẹ̀ fi ń sinmi nígbà tí bàbá yín wà ní ọ̀dọ́? Ọdún mélòó ni lónìí?

2. Kí ló dé tí kòkòrò ìrẹsì ń pọ̀ sí i ní Indonéṣíà bí wọ́n ti ń fín oògùn?

3. Ẹ fi ike méjì ṣe ohun tí olùkọ́ kejì ṣe. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta.

4. Níbo ni ẹ ń kó ike oògùn sí lẹ́yìn tí ẹ bá fín in tán? Ṣé ọwọ́ ọmọdé lè tó o?

5. Bí wọ́n bá gbé olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tuntun wá sí ìlú yín lọ́la, ta ni ẹ óò mú un lọ bá ní oko? Kí ni ẹ fẹ́ kí ó kọ́ níbẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa, ilẹ̀ tí a ń jẹ lónìí, a kò dá a. A bá a ni. Àwọn ọmọ wa náà yóò bá a. Bí wọn yóò ti bá a, ọwọ́ àwa tí ń ro ó àti ọwọ́ àwọn tí ń kọ́ wọn ní ríro rẹ̀ ni ó wà.